Sẹ̀gi Kan Ṣoṣo

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, kí ẹrẹ̀ tó gbẹ,
ìyá-ìyá mi, Ojúọlápé ará Ìlódè,
a máa mú mi gba ẹ̀bá Igbó Olókun,
òun pẹ̀lú ọ̀pá, èmi pẹ̀lú agolo mílíìkì.
"Má walẹ̀ o," ni yóò wí,
"ohun tí òjò bá hú ni tiwa.
Èyí tí ilẹ̀ ò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀, olówó rẹ̀ ṣì jókòó tì í."

Ọjọ́ mìíràn, àfọ́kù ìkòkò tí dígí dì mọ́ nínú
bí oyin tó gbẹ mọ́ awo.
Ọjọ́ mìíràn, òfo, àti èékánná tó kún fún amọ̀.
Ọjọ́ Ẹtì kan (mo rántí, torí mo pa ilé-ìwé jẹ)
ó bẹ̀rẹ̀, ó mú nǹkan tí kò ju hóró àgbàdo lọ,
ó fi itọ́ nù ún, ó fi lé mi látẹ́lẹwọ́.

"Kí lo rí?"
Mo ní aró. Aró bí ojú ọ̀run kí àkùkọ tó kọ.
"Gbé e sójú oòrùn."
Aró lọ. Ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń wò mí.
Ó rẹ́rìn-ín.
"Ẹni tó bá wò ó nínú òjìji nìkan,
irọ́ kọ́ ló ń pa.
Kò ṣáà tíì jáde síta ni."

Sẹ̀gi ni. Iná Ifẹ̀ ló bí i.
Àwọn tó sè é kò fi orúkọ sílẹ̀;
orí eérú wọn la ń gbin ilá sí.

Bàbá mi ra òrùka wúrà fún ìyá mi.
Ọdún tí owó oṣù ò wọlé fún oṣù mẹ́sàn-án,
òrùka náà lọ sí Sábó, kò padà.
Ó di ìrẹsì, ó di owó ìdánwò Dísù ẹ̀gbọ́n mi.
Ojú ibi tó wà ṣì mọ́ ní ìka ìyá mi títí di ọdún kejì.
Èmi, ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo kà sí òrùka.

Wòlíì kan wá láti Mọ̀ọ̀rè,
ó ní ká kó ìlẹ̀kẹ̀ àgbà dà síná.
Ojúọlápé kò jiyàn. Ó béèrè jẹ́jẹ́:
"Òkúta méjìlá tó wà láyà Áárónì ńkọ́?"
Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún fi kún un:
"Iná ló bí i. Ṣé ẹ fẹ́ fi ìyá rẹ̀ pa á ni?"
Lámídì àbúrò rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́ irùngbọ̀n.
Hóró kan nínú tẹ̀súbáà tirẹ̀ ti já sọnù ní Mẹ́kà,
ó fi kóró iṣin dípò,
kò sì tíì sí àdúà tó tìtorí ẹ̀ padà.

Nígbà tí ìyá àgbà lọ tán,
ọkùnrin kan dé pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó kéré bíi páálí ìṣáná.
Gíráàmù kan ó lé díẹ̀, ló wí. Ó kọ iye kan sórí bébà.
Dísù wo bébà náà, ó gbé itọ́ mì.
Ẹ má bi mí bó ṣe parí láàárín wa.
Ọdún kẹta ló tó tún pè mí ní àbúrò.

Ìdí ọmọ mi obìnrin ló wà báyìí,
láàárín ìlẹ̀kẹ̀ ọlọ́wọ̀ọ́wọ́ tí mo rà lọ́jà.
Nọ́ọ̀sì bi mí, "Kí lèyí wà fún?"
Mo ní òṣùwọ̀n ni.
Tó bá ń fún un, ọmú ń dé ikùn;
tó bá ń yọ̀ wálẹ̀, ẹ ó rí wa lóru.
Ó kọ nǹkan sínú káàdì. N kò mọ ohun tó kọ.

Òjò ń ṣú lápá Igbó Olókun.
Ọmọ náà ò tíì lè rìn.
Mo ti fọ agolo.